Ẹsẹ̀ Kẹ̀kẹ́ Bàbá Mi Wó Lójú Ọyẹ́

ÌBÉÈRÈ



Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, ṣùgbọ́n Sabon Gari nílùú Zaria ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni èmi pẹ̀lú ti ń tọ́ ọmọ. Iṣẹ́ búrẹ́dì ni mò ń ṣe ní Samaru. Aago márùn-ún àárọ̀ ni mo ti gbọ́dọ̀ wà lójú ọ̀nà, torí pé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó jí ni búrẹ́dì ti gbọ́dọ̀ jáde nínú ààrò. Kẹ̀kẹ́ ológeere tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni mò ń gùn lọ: Raleigh dúdú, onítáyà 28, tí bíréèkì rẹ̀ kì í ṣe oníwáyà bí kò ṣe onírin gbọọrọ. Nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Kaduna fòfin de alùpùpù ní ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 ni mo gbé e jáde láti inú yàrá ẹrù. Nígbà tí wọ́n sì yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, tí owó ọkọ̀ fò sókè, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé n kò tà á.

Sípóòkù ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan já lóṣù keje. Ẹni tó ń bá mi tún kẹ̀kẹ́ ṣe yọ ọ́ dànù, ó ní ọ̀kan ṣoṣo kò lè da nǹkan rú. Nígbà tó di oṣù kẹwàá, méjì tún já, ó sì fi tuntun dípò wọn. Láti ìgbà náà ni ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti ń jó díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n bíréèkì kò kan ibì kankan, ni mo bá ń gùn ún lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo di ìlàjì àpò fúláwà, kílò 25, sẹ́yìn rẹ̀. Kùrukùru ọyẹ́ bo gbogbo ojú ọ̀nà, òtútù sì mú bí ẹni pé kí n padà sílé. Bí mo ṣe dé Palladan, mo já sí kòtò kékeré kan, mo gbọ́ pá, pá, pá, ni ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá ká sábẹ́ mi bí ewé tí iná rà. Ọlọ́run ló yọ mí, ọkọ̀ kò sí lẹ́yìn mi.

Ẹni tó ń tún un ṣe ní ọyẹ́ ló fà á, pé òtútù máa ń mú kí irin tètè kán, pé kí n ta kẹ̀kẹ́ náà fún Baban Bola, ẹni tó ń ra irin àlòkù. Ìyàwó mi ní kí n má dán an wò. Ṣé òótọ́ ni pé òtútù ló pa á? Ṣé ó ṣì ṣeé tún ṣe? Báwo ni kí n ṣe máa tọ́jú rẹ̀ kí ó lè gbé mi la ọyẹ́ yìí já? N kò fi epo dù ú rárá. Àràárọ̀ ni mo ń da kọndẹ́ẹ̀mù, ọ́ìlì àlòkù tí mo ń gbà lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì sí ṣéènì àti họ́ọ̀bù rẹ̀.

Oníbúrẹ́dì, Sabon Gari, Zaria

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, o kú ewu. Mo mọ ojú ọ̀nà Ṣókótó tó gba Palladan kọjá yẹn, mo sì mọ irú ọkọ̀ ńláńlá tó máa ń gba ibẹ̀ kọjá kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí orúnkún tàbí ọwọ́ bá ṣì ń dùn ọ́, jọ̀wọ́ lọ fi han dókítà, má kàn fi òrí pa á lásán.

Ìyàwó rẹ ló jàre. Má ta kẹ̀kẹ́ náà.

Òtútù kọ́ ló pa ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ rẹ. Nottingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ilé iṣẹ́ Raleigh ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí omi ti ń di yìnyín lójú títì lásìkò òtútù wọn, irú kẹ̀kẹ́ tìrẹ yìí gan-an sì ni àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń gùn lọ síbi iṣẹ́ láyé àtijọ́. Òtútù Zaria, bó ti wù kó mú ọ tó, kò tó ohun tí irin ń kà sí. Ohun tó pa á ti wọlé láti oṣù keje, bóyá ṣáájú ìgbà náà pàápàá, nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀ tí kò sẹ́ni tó ronú kan ọyẹ́.

Jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, torí ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ńṣe ni sípóòkù ń ru ẹrù bí òpó ṣe ń ru òrùlé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mú sípóòkù kan, gbé e nàró lórí ilẹ̀, kí o fi ọwọ́ tẹ orí rẹ̀: á tẹ̀ kọrọdọ lójú ẹsẹ̀. Irin tí kò nípọn ju nǹkan bíi mìlímítà 2 lọ kò lè ṣe òpó. Ṣùgbọ́n di orí rẹ̀ méjèèjì mú kí o máa fà á, ìwọ àti ọkùnrin mẹ́ta kò ní lè fà á já. Fífà ni agbára rẹ̀ wà, bí ọsán tí wọ́n fi ń fa awọ dùndún. Ìlù kò lè dún bí àwọn ọsán yẹn bá dẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kò lè dúró bí sípóòkù bá dẹ̀. Gbogbo wọn ló ń fa ríìmù wá sí àárín lẹ́ẹ̀kan náà, ìjàkadì wọn yẹn ló sì ń mú kí ríìmù rí roboto kí ó sì le. Láti 1874 tí James Starley ará Coventry ti gba ìwé àṣẹ lórí sípóòkù tó ń kọjá lára ara wọn ni wọ́n ti ń so ó báyìí, fún kẹ̀kẹ́ iṣẹ́ bíi tìrẹ, n kò tíì rí èyí tó sàn jù ú lọ.

Wàyí o, bí kẹ̀kẹ́ bá ń yí, àwọn sípóòkù tó bá kan ìsàlẹ̀ máa ń dẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ ẹrù, bí wọ́n bá ti kọjá ibẹ̀, wọn á tún le padà. Ẹsẹ̀ onítáyà 28 máa ń yí nǹkan bí ìgbà 445 nínú kìlómítà kan. Bí a bá fi ọ̀nà Sabon Gari sí Samaru sí kìlómítà 8, sípóòkù kọ̀ọ̀kan ń dẹ̀, ó ń le, ó lé ní ìgbà 7,000 lójúmọ́ kan ní àlọ àti àbọ̀. Bí wọ́n bá fà á le dáadáa níbẹ̀rẹ̀, dídẹ̀ yẹn kò tó nǹkan, ó sì lè ṣe é fún ogún ọdún láìṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bó bá ti dẹ̀ tẹ́lẹ̀, ńṣe ni á máa mì lọ mì bọ̀ níbi ọrùn rẹ̀ tó ti tẹ̀ wọnú họ́ọ̀bù. Ìwọ náà ti ṣe é rí lọ́mọdé: bí o bá fẹ́ ṣẹ́ wáyà tí o kò ní ọ̀bẹ, o ò ní fà á, wàá tẹ̀ ẹ́ lọ, wàá tẹ̀ ẹ́ bọ̀, títí á fi kán. Lọ wo àwọn sípóòkù rẹ tó já. Ibi ọrùn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn á ti já, kì í ṣe láàárín.

Nítorí náà, sípóòkù kan tó já lóṣù keje kì í ṣe ọ̀ràn ọ̀kan ṣoṣo. Àmì ni pé púpọ̀ nínú wọn ti dẹ̀. Nígbà tí wọ́n yọ ọ́ dànù, àwọn ará ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gba iṣẹ́ rẹ̀ kún tiwọn, ó sì rẹ̀ wọ́n. Nígbà tí wọ́n fi méjì tuntun sáàárín àwọn tó ti rẹ̀, àwọn tuntun ń fà, àwọn àgbà kò lè fà mọ́, ẹsẹ̀ wá ń jó. Kòtò Palladan kàn bá òkú ní ìdúró ni. N kò bá ẹni tó ń tún un ṣe jà o. Ó mọ̀ pé o fẹ́ tètè débi iṣẹ́, ó sì mọ̀ pé owó kò sí nílẹ̀. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dá dúró, mo fi sípóòkù mẹ́ta tó ti dẹ̀ sílẹ̀ lára kẹ̀kẹ́ alágbẹ̀dẹ kan torí pé oníbàárà méjì ń dúró dè mí. Ọ̀sẹ̀ kejì ló rù ú padà wá léjìká. Mo tún un ṣe láìgba kọ́bọ̀, n kò sì gbàgbé ojú tó fi wò mí.

Ohun kan wà tó tàn ọ́ jẹ, o ò sì lè mọ̀: bíréèkì rẹ. Lára ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ òde òní, rọ́bà bíréèkì máa ń di ẹ̀gbẹ́ ríìmù mú lọ́tùn-ún lósì. Bí ẹsẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó, rọ́bà á máa ha á, ariwo á sọ fún ọ. Lára Raleigh onírin gbọọrọ, inú ríìmù, níhà tó kọjú sí họ́ọ̀bù, ni rọ́bà ti ń tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ lè máa jó lọ sótùn-ún sósì títí kí bíréèkì má sọ̀rọ̀. Má gbẹ́kẹ̀ lé e mọ́. Dojú kẹ̀kẹ́ délẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, gbé ìka rẹ lé irin ìdí kẹ̀kẹ́ kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ríìmù, kí o yí ẹsẹ̀, kí o wo bí àlàfo náà ṣe ń fẹ̀ tó ń fún.

Etí sì tún dára ju ojú lọ. Màlámù tó kọ́ mi níṣẹ́ nínú ọjà Sabon Gari kò ní ẹ̀rọ kankan tó ń wọn bí sípóòkù ṣe le tó. Á dojú kẹ̀kẹ́ délẹ̀, á ní kí n dijú, á wá máa fi èékánná ta wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ta mólò. Èyí tó bá dún tín-ín, ó ń ṣiṣẹ́. Èyí tó bá dún bùù bí okùn aṣọ, á fi ìka kàn án. "Wannan ya yi barci," ni á wí, èyí ti sùn. Oṣù mẹ́fà ni mo fi ń gbọ́ ohùn sípóòkù kí ó tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan sípánà wọn. Ó dùn mí nígbà náà. Lónìí, mo lè wà nínú ilé kí n mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ tó ń kọjá lóde ti fẹ́ wó.

Ó ya, àtúnṣe. Tú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn náà palẹ̀ pátápátá. Bí ìpẹtà òjò bá ti mú nọ́ọ̀tì kékeré orí àwọn sípóòkù, po kẹrosíìnì mọ́ ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì tó mọ́, kán an sí i níkọ̀ọ̀kan, kí o fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí o tó tú u. Lẹ́yìn náà, tẹ́ ríìmù náà sórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tó tẹ́jú dáadáa. Bí ó bá sùn mọ́lẹ̀ yíká, tàbí tí àlàfo abẹ́ rẹ̀ kò gba ìka ọmọdé, ó ṣì wúlò. Bí ó bá ti ṣẹ́ níbì kan, tí o fọwọ́ kàn án tí o rí ojú ibi tó ti wó wọnú, fi í sílẹ̀ fún Baban Bola, ríìmù náà nìkan ni kí o fún un. Họ́ọ̀bù rẹ kò ṣe nǹkan kan nínú ọ̀ràn yìí, má jẹ́ kí wọ́n tà ọ́ ní tuntun.

Ka ihò kí o tó lọ sọ́jà. Ọ̀pọ̀ Raleigh àtijọ́ ló ní sípóòkù 32 níwájú àti 40 lẹ́yìn, torí pé ẹ̀yìn ló ń ru ìdí àti ẹrù, òun náà ni ṣéènì ń fà. Ríìmù oníhò 36 ló sì kún ọjà nísinsìnyí. Mo ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ra ríìmù tó dára, tó dán gbinrin, tó wá jókòó ti họ́ọ̀bù oníhò 40 títí ilẹ̀ fi ṣú. Mú sípóòkù rẹ kan tí kò já dání lọ kí wọ́n fi wọn gígùn rẹ̀. Bí ihò ẹ̀yìn bá jẹ́ 40, ra ogójì tuntun. Bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo ogójì. Mo mọ̀ pé owó ni, ṣùgbọ́n àwọn tó kù lára ẹsẹ̀ yẹn ti tẹ̀ lọ tẹ̀ bọ̀ bíi tàwọn tó ti já, bí o bá pò wọ́n pọ̀ mọ́ tuntun, oṣù kejì wàá tún padà síbi tí o ti ń bọ̀.

Bí o bá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ so ó, gbé ẹsẹ̀ iwájú kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ kí o máa wo bí àwọn sípóòkù rẹ̀ ṣe kọjá lára ara wọn. Iye yàtọ̀, ọ̀nà ìkọjá náà sì lè yàtọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n àṣà ìhun kan náà ni. Kọ́kọ́ fọwọ́ yí gbogbo nọ́ọ̀tì wọlé dé ibì kan náà, kí o tó wá máa fi sípánà fà wọ́n le, ìdámẹ́rin ìyípo kan lẹ́ẹ̀kan, má ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ti ń ṣìnà nìyí: bí kẹ̀kẹ́ bá wà ní dídojúdé, tí ìwọ wà lókè tí o ń wo ríìmù látòkè, apá ọ̀tún ni o máa yí nọ́ọ̀tì sí kí ó tó le. Bí o bá ń wò ó láti ìhà họ́ọ̀bù, á dà bí ẹni pé òdìkejì ni. Bí ríìmù bá yà sí ọ̀tún, fa àwọn tó ti ẹ̀gbẹ́ òsì họ́ọ̀bù wá le níbẹ̀, kí o dẹ àwọn ti ọ̀tún díẹ̀. Nígbà tó bá tọ́, wọ ìbọ̀wọ́ tàbí wé aṣọ mọ́ ọwọ́, kí o máa di sípóòkù méjì méjì tó rìn pọ̀ mú, kí o fún wọn pọ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ. Á ké kíẹ́n. Ọrùn wọn ló ń jókòó sí àyè. Tún un tọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ẹni tó bá fo ìfúnpọ̀ yìí, ojú ọ̀nà ni yóò ti ṣe é fún un.

Fi fáìlì rẹ́ orí sípóòkù èyíkéyìí tó bá yọ kọjá nọ́ọ̀tì, kí ó má gún túùbù. Gé túùbù àlòkù gbọọrọ kí o fi wé inú ríìmù, ó dára bíi tàwọn òyìnbó.

Nípa ọyẹ́ fúnra rẹ̀, eruku ni ọ̀tá, òtútù kọ́. Púpọ̀ nínú eruku tó ń bò wá yìí ti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad wá, ìsàlẹ̀ adágún omi ńlá àtijọ́ kan tó ti gbẹ. Ìkarahun àwọn ẹ̀dá tín-tìn-tín tó gbé inú omi náà ló pọ̀ nínú rẹ̀, ohun tó sì wà nínú ìkarahun wọn ló wà nínú dígí. O rí i pé dígí lílọ̀ ni a ń fà símú lóṣù kejìlá. Nígbà tí o bá wá da kọndẹ́ẹ̀mù sórí ṣéènì láràárọ̀, tí eruku yìí bà lé e, o ti fọwọ́ ara rẹ po ohun tí wọ́n fi ń lọ irin. Kọndẹ́ẹ̀mù pàápàá kò mọ́: èérún irin ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti yọ ọ́ ṣì wà nínú rẹ̀. Ìfẹ́ tí o ní sí kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ ló mú ọ máa da epo, mo mọ̀, ṣùgbọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró láti òní lọ.

Aṣọ gbígbẹ ni kí o máa fi nu ṣéènì nírọ̀lẹ́. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kán ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì tó mọ́ sí ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kán kan ṣoṣo, yí pẹ́dàlì títí tí yóò fi wọ inú, kí o wá nu òde rẹ̀ gbẹ bí ẹni pé o kò kán nǹkan kan sí i. Epo tó wọ inú ló ń ṣiṣẹ́, eruku ni tòde ń pè. Ti họ́ọ̀bù, tú u, ka bọ́ọ̀lù bẹ́árìn ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kí o kọ ọ́ sílẹ̀, fi kẹrosíìnì fọ̀ wọ́n, kí o fi gíríìsì tuntun dì wọ́n. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún tó: nígbà tí òjò bá ń parí lóṣù kẹwàá, àti nígbà tí ọyẹ́ bá ti lọ. Bí o ṣe ń dè é padà, ó gbọ́dọ̀ yí wẹ́rẹ́ láìmì. Má fi òrí tàbí epo pupa dípò gíríìsì. O mọ bí epo pupa ṣe ń dì nínú ìgò lásìkò yìí, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe dì yí bọ́ọ̀lù ká.

Táyà: fẹ́ ẹ láàárọ̀ kí o tó jáde, kì í ṣe lọ́sàn-án. Atẹ́gùn tó le nínú oòrùn aago méjì á ti rọ̀ nígbà tí òtútù òwúrọ̀ bá mú un, táyà tó bá rọ̀ ló ń jẹ́ kí kòtò kan ríìmù ní tààrà. Iye tó yẹ kí o fẹ́ ẹ dé wà lára táyà náà. Wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bóyá ó ti ń sán bí ẹsẹ̀ tí kò rí òrí pa. Má sì gbé kẹ̀kẹ́ ti ògiri ààrò búrẹ́dì mọ́, ooru ń gbó rọ́bà. Èso dágunró tó gbẹ pọ̀ lẹ́bàá títì nísinsìnyí, nítorí náà bí o bá sọ̀ kalẹ̀ kúrò lójú ọ̀dà, yọ ọ́ kúrò lára táyà kí ó tó wọlé, mai faci, ẹni tó ń lẹ táyà, kò ní máa rí ọ lójoojúmọ́.

Fúláwà kílò 25 kò pọ̀ jù fún kẹ̀kẹ́ yẹn bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá dá. Pín in sí àpò méjì kí wọ́n rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì nísàlẹ̀, bí o bá sì rí kòtò, dìde kúrò lórí ìjókòó kí orúnkún rẹ gba ìjà náà. Ra iná iwájú àti gíláàsì pupa ẹ̀yìn. Nínú kùrukùru aago márùn-ún, ìwọ ń rí ọkọ̀, ọkọ̀ kò rí ọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí o bá ti gùn ún, àwọn sípóòkù tuntun á ti jókòó, díẹ̀ nínú wọn á sì ti dẹ̀. Ní alẹ́ kan tí ilé ti dákẹ́, dojú kẹ̀kẹ́ náà délẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, pe àkọ́bí rẹ, ní kí ó dijú, kí o wá fi èékánná ta gbogbo ogójì náà fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá sùn, òun ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ọ.